Bí A Ṣe Ń Fọ Gamalin Kúrò Nínú Ilẹ̀ àti Omi

Kò sí ẹni tó dàgbà ní àgbègbè kòkó tí kò mọ Gamalin. Lẹ́yìn ọdún 1950 ni àwọn àgbẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó mọ́ omi, tí wọ́n ń fi pọ́ǹpù fín in sára igi kòkó, nítorí àwọn kòkòrò tí ń fa omi ara igi náà mu. Oògùn náà jẹ́. Kòkòrò kú, kòkó so. Àwọn kan tilẹ̀ ń dà á sódò láti fi pa ẹja tà fún aráyé jẹ. Ìwà ìkà gbáà ni. Ní 2009, àwọn ìjọba ayé pàdé ní Geneva, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ṣíṣe rẹ̀ àti lílò rẹ̀ lóko dópin. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe oògùn inú rẹ̀ ni líńdéènì.

Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú ilẹ̀ lọ hú oògùn jáde. Èyí tó ti wọlẹ̀ ńkọ́? Ṣé a lè fọ ilẹ̀ bí ẹni fọ aṣọ? Ṣé a lè fọ omi abẹ́ ilẹ̀, èyí tí ń sun sínú kànga wa?

A lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó le, ó sì ń gba owó púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń bá jà. Líńdéènì dà bí òrùka tí a fi ẹyọ èédú 6 ṣe, èédú tó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Ẹyọ kiloríìnì kan lẹ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kiloríìnì yìí ni wọ́n ń fi sínú omi ẹ̀rọ láti pa kòkòrò àìsàn. Bí 6 wọ̀nyí ṣe so mọ́ òrùka náà ni ó jẹ́ kí oògùn yìí yi tó bẹ́ẹ̀, tí kì í tètè jẹrà nínú ilẹ̀.

Ibi tí a ti lè rí iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ yìí dáadáa jìnnà sí wa. Kì í ṣe oko kòkó. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn náà gan-an ni. Ìlú Sabiñánigo ni, ní Aragón, ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, lẹ́bàá odò Gállego. Láti 1975 sí 1988, ilé iṣẹ́ kan tí à ń pè ní Inquinosa ń ṣe líńdéènì níbẹ̀. Bí ẹ bá sì rí bí wọ́n ṣe ń ṣe oògùn yìí, ẹnu á yà yín: kí tọ́ọ̀nù 1 tó jáde, tọ́ọ̀nù 8 sí 12 ni pàǹtírí tó máa kù sílẹ̀. Wọ́n ń da pàǹtírí yìí sí ibi méjì lẹ́yìn ìlú, Sardas àti Bailín. Àpapọ̀ rẹ̀ ju tọ́ọ̀nù 100,000 lọ.

Apá kan pàǹtírí náà jẹ́ omi ọ̀rá. Ẹ mọ̀ pé kẹrosíìnì máa ń léfòó lórí omi. Èyí kì í léfòó o, rírì ló ń rì. Ó rì títí ó fi kan àpáta, ó sì wọ inú sísán àpáta lọ. Ní Bailín, àwọn ìpele àpáta náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán bí ìwé tí a tò sórí pẹpẹ, nítorí náà oògùn rí ọ̀nà gbà láàrin wọn, ó dorí kọ odò. Ní 2014, nígbà tí wọ́n ń kó pàǹtírí Bailín lọ sínú kòtò tuntun tí wọ́n tẹ́ nǹkan sí nídìí, líńdéènì pọ̀ sí i nínú odò Gállego, àwọn ará ìlú kan ní ìsàlẹ̀ odò kò sì lè mu omi ẹ̀rọ wọn. Ẹ ò rí nǹkan bí?

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ ń lò jẹ́ mọ̀lẹ́bí ohun tí ẹ̀yin ìyá tó ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ̀. Ẹ mọ omi eérú, bó ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́, tó sì ń jẹ ara. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó le jù ú lọ. Bí sódà bá kan líńdéènì, yóò já 3 gbà lára kiloríìnì 6 náà, àwọn 3 yìí yóò sì di iyọ̀, irú iyọ̀ tí à ń fi sọ́bẹ̀. Bí a bá dúró síbẹ̀, a ó rò pé ó ti parí. Kò tíì parí! Òrùka náà ṣì wà pẹ̀lú kiloríìnì 3 lára rẹ̀. Ó ti di nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n májèlé ni síbẹ̀.

Nítorí náà wọ́n fi nǹkan kejì kún un. Pásọ́féètì ni wọ́n ń pè é, ó funfun bí iyọ̀, ó sì ń yòrò nínú omi. Iṣẹ́ rẹ̀ fara jọ bí hípò ṣe ń bó àbàwọ́n lára aṣọ. Ní Bailín, wọ́n gbẹ́ ihò tóóró sínú àpáta, wọ́n da sódà àti pásọ́féètì sí i, wọ́n sì ń bu omi ibẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà. Sódà já 3 àkọ́kọ́, pásọ́féètì dojú kọ òrùka tó kù, ó ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Àléébù rẹ̀ ni pé pásọ́féètì kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ewé jíjẹrà inú ilẹ̀ pàápàá, yóò jẹ ẹ́. Èkejì, èyí tó bá yòrò sínú omi nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ lè tètè tó. Omi ọ̀rá tó sá pamọ́ sínú sísán àpáta kì í fẹ́ yòrò.

Ta ni yóò fọ abọ́ epo pupa láìlo ọṣẹ? Láàrin 2019 sí 2022, wọ́n dán oríṣi ọṣẹ kan wò ní Bailín. Wọ́n dà á sísàlẹ̀, ó gbé ọ̀rá náà kúrò lára àpáta, wọ́n sì yára fa gbogbo rẹ̀ sókè. Ìyára yìí ṣe pàtàkì gidigidi, nítorí bí ọṣẹ tó ti gbé májèlé bá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, òun gan-an ni yóò gbé e dé odò. Pásọ́féètì náà tún máa ń jẹ ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń ná ara wọn run bí a bá pò wọ́n pọ̀. Omi tí wọ́n bá sì fà jáde, wọ́n á mú un gba inú èédú tí wọ́n sè lọ́nà pàtàkì, tí ihò wẹ́wẹ́ pọ̀ lára rẹ̀, kí ó gba májèlé tó kù.

Èédú ìdáná wa kì í ṣe irú èyí. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́ ọ̀rọ̀ sódà kó lọ dà á sínú kànga ilé rẹ̀. Ọ̀fun ẹni tó bá mu ún yóò bó. Álọ́ọ̀mù ń mú kí ẹrẹ̀ sílẹ̀ ni, kì í yọ líńdéènì tó ti yòrò kúrò. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé sísè. Ní ti oògùn búlúù tí a ń fín sí kòkó nígbà òjò kí èso má baà jẹrà, bàbà ló wà nínú rẹ̀. Bàbà kò ṣeé fọ́ sí wẹ́wẹ́, sódà tàbí pásọ́féètì kò lè sọ ọ́ di asán.

Bí Gamalin bá ti dà sílẹ̀ nítòsí kànga, ẹ dẹ́kun mímu omi ibẹ̀, kí ẹ sì wá wolé-wolé tàbí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n bá yín wá bí a ó ti yẹ omi náà wò. Agolo àtijọ́ tó ṣì wà nínú ilé kòkó, tó ti ń dípẹtà, ẹ má ṣí i, ẹ má sì rì í mọ́lẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ gbé e sínú ike ńlá tí kò jò, ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tí ọmọdé kò lè dé, títí wọn yóò fi wá gbé e.