Ẹ̀dà Tí A Kò Tíì Dán Wò

Server tó ń ṣírò owó ìpè ru ẹrù méjì: ètò ìṣirò, àti àkọsílẹ̀ ẹni tó pe, ẹni tí wọ́n pè, ìṣẹ́jú tí wọ́n lò àti owó tó kù. Bí ètò bá bàjẹ́, a lè tún un fi sórí ẹ̀rọ. Bí àkọsílẹ̀ bá lọ, kò sí ọjà tí a ti ń rà á.

Ẹ wo A2Billing, tó ń bá Asterisk ṣiṣẹ́. Inú MySQL ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà. Àṣẹ mysqldump ló ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ mú fódà /etc/asterisk mọ́ ọn, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ mìíràn.

Ká ní a ṣe ẹ̀dà ní aago 2 òru, tí ẹ̀rọ dẹnukọlẹ̀ ní aago 3 ọ̀sán. Ẹ̀dà yẹn á dá owó oníbàárà padà sí ti òru. Owó ẹni tó ra káàdì ní aago 10 àárọ̀ ti wọlẹ̀ nìyẹn, àfi bí a bá ti tọ́jú binary log, tó ń kọ àyípadà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, síbòmíràn.

Mo pe iṣẹ́ méjèèjì ní ìṣẹ̀dà àti ìdápadà. Ìdápadà ló ń jẹ́rìí ìṣẹ̀dà. Ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ òfìfo, kí ẹ ka iye ìpè tó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ṣe sí ohùn tí mo gbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi: mo ń ṣí ẹ̀dà, mo sì ń gbọ́ ọ.