Gọ́ọ̀mù Tí A Ti Ṣí: Ẹ Má Ṣe Kó O Pọ̀ Mọ́ Oògùn Ojú

Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ ní Èkó, olúkúlùkù ni í máa wá ibi tí omi ń gbà wọ ilé rẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀, etí páànù a máa jò. Ní Àpápá, omi a máa gba etí fèrèsé gíláàsì wọlé. Baálé ilé a dìde, a gba ọjà Boundary lọ, a ra gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù kan bọ̀, a fi dí etí fèrèsé àti etí síǹkì. Ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni yóò lò. Ìyókù ńkọ́? Inú dúrọ́ọ̀ ni yóò jù ú sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ súpàgúlù tí wọ́n fi lẹ bàtà ọmọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ ìfọyín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn ẹ̀fọ́rí àti oògùn ojú. Ọ̀rọ̀ ìyókù gọ́ọ̀mù yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan wá sí dìsípẹ́ńsárì wa. Ojú ti ń dun ọmọ náà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti fún un ní oògùn tí wọn yóò máa kán sí i. Iná lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá ìyá rẹ̀ nawọ́ sínú dúrọ́ọ̀ nínú òkùnkùn, ọwọ́ rẹ̀ ba ike kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ó sì kán an sí ọmọ lójú. Ọmọ figbe ta. Súpàgúlù ni! Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìpéǹpéjú òsì ti lẹ̀ pọ̀ pinpin. Aládùúgbò kan ti fi epo pupa ra á, òmíràn sì ti fẹ́ fi ipá là á. Ìyá ọmọ ń ké pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí, ojú ọmọ mi ti fọ́!" Ìyá àgbà kò lè sọ ohunkóhun. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó ń wò.

Ẹ má ṣe rò pé òpè ni ìyá náà. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn dókítà ojú ní ilẹ̀ òkèèrè ti ń kọ̀wé nípa irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ike méjèèjì jọra, ẹnu wọn jọra, ìwọ̀n wọn jọra. Láti ibi tí a kó wọn pọ̀ sí ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀.

Omi ni gọ́ọ̀mù ń wá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí aṣọ tí a sá sí oòrùn ṣe ń gbẹ ni gọ́ọ̀mù wọ̀nyí ń gbẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni sílíkọ́ọ̀nù àti súpàgúlù ń wá kí wọ́n tó lè le. Sílíkọ́ọ̀nù ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń le láti òde lọ sí inú. Nígbà tí púpọ̀ nínú wọn bá ń le, wọn a máa rùn bí ẹmu tí ó ti kan. Ásíìdì inú fínígà ni ó ń rùn bẹ́ẹ̀, òun náà ni ó sì ń ta wá lójú àti nímú.

Ní ti súpàgúlù, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Harry Coover ni ó ṣèèṣì bá a pàdé ní ọdún 1942, nígbà ogun. Ó ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ohun tí ó bá kàn, wọ́n sì pa á tì. Ọdún 1958 ni ilé iṣẹ́ Eastman tó gbé e jáde fún títà. Ọ̀rinrin kékeré tí ó wà lára awọ wa ti tó fún un láti le láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Mélòó-mélòó wá ni ojú, tí omijé kún inú rẹ̀?

Nítorí náà, ọ̀rinrin tí ń ba gọ́ọ̀mù jẹ́ nínú dúrọ́ọ̀ ni ó ń jẹ́ kí ó lẹ ojú pọ̀. Èkó sì rèé, ọ̀sà níhìn-ín, òkun lọ́hùn-ún. Afẹ́fẹ́ wa kì í gbẹ. Ẹni tí ó bá dé gọ́ọ̀mù rẹ̀ dáadáa tí ó sì yà á sọ́tọ̀, owó rẹ̀ kò ṣòfò, ojú ọmọ rẹ̀ kò sì sí nínú ewu.

Bí a ó ṣe tọ́jú rẹ̀

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má ṣe gé ẹnu túùbù ju bí iṣẹ́ yín ṣe fẹ́ lọ. Bí ẹ bá lò ó tán, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ títí gọ́ọ̀mù yóò fi yọ sí ẹnu rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa ṣẹ́kù sínú. Ẹ fi bébà gbígbẹ nù ún, kí ẹ sì dé e pinpin. Bí ìdérí bá ti sọnù, ẹ ki ìṣó gígùn bọ ẹnu rẹ̀, ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé e, kí ẹ fi rọ́bà dì í. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ lò ó, ẹ fa ìṣó náà yọ; èyí tí ó ti le yóò bá a jáde, ẹ ó sì bá èyí tí ó rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Èkejì, ẹ nu ẹnu súpàgúlù kí ẹ tó dé e, kí ẹ sì gbé e dúró lórí ìdí rẹ̀. Ẹ má ṣe kó o sínú fíríìjì tí oúnjẹ wà.

Ẹ̀kẹta, ẹ wá agolo òfìfo tí ó ní ìdérí, ẹ kó gbogbo gọ́ọ̀mù ilé sínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ GỌ́Ọ̀MÙ sí ara rẹ̀ gàdàgbà. Ọ̀dọ̀ òòlù àti ìṣó ni ààyè rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ oògùn. Mo mọ̀ pé nínú ilé fés-mí-àí-fés-yú, yàrá kan náà ni a ń sùn, òun náà ni a ń kó ẹrù sí. Ẹ gbé agolo náà kọ́ sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò tó, tí ó sì jìnnà sí sítóòfù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sí ara túùbù. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ kọjá pẹ̀lú. Sílíkọ́ọ̀nù tí ó ti gbó kì í le mọ́. Yóò kàn máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ni, omi yóò sì tún wọlé.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe dà á sínú ike oògùn tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láéláé.

Bí a ó ṣe lò ó

Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí ẹ sì kó àwọn ọmọdé jáde. Ẹ nu ibi tí ẹ fẹ́ dí kí ó mọ́, kí ó sì gbẹ. Bí ẹ bá ti fi sílíkọ́ọ̀nù dí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24, ó kéré tán, kí ẹ tó jẹ́ kí omi kàn án. Ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù balùwẹ̀ dí dúrọ́ọ̀mù omi mímu, nítorí pé oògùn tí kì í jẹ́ kí ògiri bu wà nínú òmíràn. Gọ́ọ̀mù tí púlọ́ńbà fi ń lẹ páìpù àti èyí tí ṣúmékà fi ń lẹ bàtà, èéfín wọn tètè ń gbaná. Ẹ pa sítóòfù kí ẹ tó ṣí wọn.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Bí gọ́ọ̀mù bá kán sí ojú, omi tí ó mọ́ ni oògùn àkọ́kọ́. Bí ẹ̀rọ omi kò bá yọ, ẹ gé igun píọ́wọ́tà, kí ẹ máa rọra ṣàn án sí ojú náà fún ìṣẹ́jú 15. Bí ọ̀kan bá tán, ẹ gé òmíràn. Bí ìpéǹpéjú bá ti lẹ̀ pọ̀, ẹ má ṣe fà á, ẹ má ṣe fi abẹ kàn án. Ẹ má ṣe fi epo, kẹrosínì, tàbí oògùn tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ kàn án. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bò ó, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Ajeromi wà nítòsí wa. Guinness Eye Centre ti àwọn dókítà ojú sì wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Ẹ lè pe 767 tàbí 112 fún ìrànlọ́wọ́.

Bí ìka méjì bá lẹ̀ pọ̀, ẹ rì wọ́n sínú omi ọṣẹ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ máa rọra yí wọn títí wọn yóò fi tú. Ẹ má ṣe já wọn. Bí súpàgúlù bá dà sí aṣọ òwú, ó lè gbóná tó láti jó ara: ẹ da omi tútù púpọ̀ sí i, kí ẹ má sì fi ipá bọ́ aṣọ tí ó ti lẹ̀ mọ́ ara. Ní ti sílíkọ́ọ̀nù, ẹ kọ́kọ́ fi bébà gbígbẹ nù ún kúrò lọ́wọ́ kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Bí ọmọ bá fi gọ́ọ̀mù sẹ́nu, ẹ nu èyí tí ẹ bá rí kúrò. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì fi ìka mú un bì. Epo àti èébì lè gba ọ̀nà òdì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kí èyí sì pa ọmọ tí gọ́ọ̀mù kò pa. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú túùbù náà dání, kí dókítà lè ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ńkọ́? A fi omi ṣan ojú rẹ̀, a sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn dókítà ojú ní òru ọjọ́ náà. Wọ́n gé irun ìpéǹpéjú rẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn. Ní ọjọ́ kẹta, ojú náà là. Ẹyinjú ti ha díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jinná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ni ó mú un wá kí wa. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mo ti wá agolo o." Èmi náà sì bẹ ẹ̀yin òǹkàwé: kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ ṣí dúrọ́ọ̀ yín wò. Bí ẹ bá rí gọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn, ẹ yà wọ́n. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.