Íntánẹ́ẹ̀tì Lè Gbé Ìwé Lọ, Ojúlùmọ̀ Ló Ń Mú Iṣẹ́ Wá

Èrò méjì tó ń ta ko ara wọn ló gbòde lórí ọ̀rọ̀ wíwá iṣẹ́. Àwọn kan ní ayé ti lajú, pé kí ẹni tó ń wáṣẹ́ jókòó ti fóònù rẹ̀, kó máa kọ̀wé sí iléeṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ọ̀kan yóò fi dá a lóhùn. Àwọn mìíràn ní asán nìyẹn, pé ẹni tí kò bá ní baba ìsàlẹ̀, kó yáa lọ fọwọ́ lẹ́rán. Ó ti lé ní 50 ọdún tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí wọ́n sì rí kò gbe èyíkéyìí nínú èrò méjèèjì délẹ̀délẹ̀. Òótọ́ ni pé èèyàn ló ń mú iṣẹ́ wá, àmọ́ ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kòríkòsùn. Ojúlùmọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà: ẹni tí a bá ṣiṣẹ́ pọ̀ rí, ẹni tí a jọ kàwé, ẹni tí a máa ń kí bí a bá pàdé lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kì í fi tó. Láyé ìgbà tí olúkúlùkù ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ìwé lọ sí iléeṣẹ́, owó ọkọ̀ àti wàhálà ọ̀nà máa ń dín iye ẹni tó ń débẹ̀ kù. Íntánẹ́ẹ̀tì mú ìdènà yẹn kúrò fún tọmọdé tàgbà lẹ́ẹ̀kan náà, èrò sì ya lu ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Nígbà tí àjọ Immigration ilẹ̀ Nàìjíríà fẹ́ gba òṣìṣẹ́ ní 2014, èèyàn tó lé ní 500,000 ló forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì san ₦1,000 ₦1,000, fún àyè iṣẹ́ tí kò tó 5,000. Ó lé ní 100 èèyàn tó ń du àyè kan. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún náà, wọ́n pè wọ́n jọ sí pápá ìṣeré káàkiri fún ìdánwò, èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní Àbújá àti láwọn ìlú mìíràn, ó kéré tán èèyàn 15 sì gbabẹ̀ lọ.

Bí èrò bá ti pọ̀ tó báyìí, ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ń fi ṣa ìwé. Bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà máa wá kò bá sí nínú ìwé ẹnìkan, ìwé náà lè má dé iwájú èèyàn ẹlẹ́ran ara láé. Ẹ̀rọ náà kò sì mọ òdodo ju ẹni tó kọ́ ọ lọ. Ní 2018, iléeṣẹ́ ìròyìn Reuters gbé e jáde pé Amazon ti pa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan tì. Ìwé àwọn tó ti wáṣẹ́ wá sọ́dọ̀ wọn láàárín ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi kọ́ ọ, ti ọkùnrin ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fojú tín-ínrín ìwé àwọn obìnrin.

Ará Amẹ́ríkà kan, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, ló la ọ̀rọ̀ ojúlùmọ̀ yìí yé aráyé nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1973. Ó lọ bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ nítòsí ìlú Boston, ó sì bi àwọn tó ti ọ̀dọ̀ èèyàn rí iṣẹ́ wọn pé báwo ni wọ́n ṣe ń rí ẹni náà sí nígbà yẹn. Nínú 100, bíi 17 péré ló ní àwọn ń rí i lemọ́lemọ́. Bíi 56 ní àwọn ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bíi 28 sì ní ó ṣọ̀wọ́n káwọn tó rí i. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ìròyìn tó wà létí wa náà ló wà létí ẹbí àti ọ̀rẹ́ wa, nítorí àdúgbò kan náà àti ilé ìjọsìn kan náà la jọ wà. Ẹni tí a kì í sábà rí ń bá àwọn tí a kò mọ̀ rìn, òun ló sì máa gbọ́ pé akọ̀wé owó iléeṣẹ́ kan fẹ́ fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n tó kéde àyè náà rárá.

Ẹnìkan lè ní ayé àtijọ́ nìyẹn, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ṣùgbọ́n ní 2022, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Science lórí èèyàn 20 mílíọ̀nù tó ń lo LinkedIn, ojúlé tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń bára wọn pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń yí bí ojúlé náà ṣe ń dábàá orúkọ fún àwọn èèyàn padà, tí àwọn kan ń rí àwọn tó sún mọ́ wọn, tí àwọn mìíràn ń rí àwọn tó jìnnà díẹ̀. Àwọn ojúlùmọ̀ tó jìnnà díẹ̀, tí wọn kì í sì í ṣe àjèjì pátápátá, ló mú iṣẹ́ wá jù. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀: níbi tí kọ̀ǹpútà kò tíì gbilẹ̀ nínú iṣẹ́, ẹni tó súnmọ́ni ló wúlò jù. Èyí kò lè ya ẹni tó mọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tàbí ilé mẹkáníìkì lẹ́nu, nítorí ọ̀gá tó kọ́ ọmọ níṣẹ́ náà ló ń júwe rẹ̀ fún oníbàárà.

Àwọn kan yóò ní ojúsàájú ni mò ń gbé lárugẹ. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí a mọ ìwé pélébé tí èèyàn ńlá ń kọ ránṣẹ́ kí ẹni tó yege ìdánwò lè pàdánù àyè rẹ̀. Olè ni ìyẹn. Ohun méjì péré ni ojúlùmọ̀ tí mò ń sọ ń mú wá: ìròyìn pé iṣẹ́ wà, àti ẹ̀rí pé òun ti fojú ara òun rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà. Ìwé lásán pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ojúsàájú. Ní 2004, Marianne Bertrand àti Sendhil Mullainathan tẹ ìwádìí wọn jáde, èyí tí wọ́n fi kọ ìwé ìwáṣẹ́ tó jọra sí iléeṣẹ́ ní Boston àti Chicago. Orúkọ tó jọ ti aláwọ̀ funfun gba ìpè kan nínú ìwé bíi 10, orúkọ tó jọ ti aláwọ̀ dúdú nílò ìwé bíi 15.

Àtakò tó wúwo jù ni pé ojúlùmọ̀ kò lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí iṣẹ́ kò sí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ìjọba àti àwọn oníléeṣẹ́ ni ìyẹn wà, a kò sì gbọ́dọ̀ torí ọgbọ́n ìwáṣẹ́ dẹ̀yìn lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wáṣẹ́ lónìí kò lè dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é. Ní ti ọmọ tálákà, kò lè yan ẹbí, àmọ́ ó lè ní ojúlùmọ̀. Ètò àgùnbánirọ̀ NYSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, ń kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ sí ìpínlẹ̀ tí wọn ò ti ní mọ̀lẹ́bí kankan. Ọ̀pọ̀ ń kà á sí ọdún tó ṣòfò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀ gan-an ni irú èèyàn tí ìwádìí ní ó ń múṣẹ́ wá.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń wáṣẹ́ fi fóònù wá àwọn tó ti mọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ gùn: “Ẹ káàsán mà. Èmi ni Ṣadé, àgùnbánirọ̀ tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ yín ní Ìlọrin. Mo ti kọ́ ìṣirò owó lórí kọ̀ǹpútà láti ìgbà yẹn, díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí mo ti ṣe nìyí. Bí ẹ bá gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń wá irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta mí lólobó.” Ẹni tó wà nínú iléeṣẹ́ kan ló tún lè sọ fún wa bóyá ìkéde iṣẹ́ rẹ̀ tí a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì jóòótọ́, kí gbájú-ẹ̀ má baà gbowó lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ má ṣe dákẹ́ bí ẹ bá gbọ́ pé àyè ṣí. Ẹ ronú kan ẹnìkan tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dá yín lójú, kí ẹ sì fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí i lónìí.