Olórin ló ṣẹ̀, onílé oúnjẹ ló pàdánù: Bí aṣemáṣe àwọn gbajúmọ̀ ṣe ń da òwò rú ní Kòríà

Lọ́jọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, ọdún 2019, Seungri, ọ̀kan lára àwọn ọmọkùnrin tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ BIGBANG lórílẹ̀-èdè Gúúsù Kòríà, kéde pé òun ti fiṣẹ́ orin sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà kan náà, iye tí wọ́n ń ra ìpín ìdókòwò YG Entertainment, ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde, fi nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún já wálẹ̀ nílùú Seoul. Ká sọ ọ́ bó ṣe máa yé ará ọjà: ẹni tí owó tiẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ 1,000 náírà tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 860 ló bá nílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ohùn olórin náà kò há o, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó sọ pé orin rẹ̀ kò dùn mọ́.

Ọ̀rọ̀ Burning Sun ló fa gbogbo wàhálà yìí. Ilé ijó alẹ́ ni, ní Gangnam, àdúgbò àwọn olówó nílùú Seoul, Seungri sì wà lára àwọn ọ̀gá tó ń darí rẹ̀. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni tẹlifíṣàn MBC gbé e jáde pé wọ́n lu oníbàárà kan níbẹ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2018. Bí wọ́n ti fa gbùùrù ni gbùùrù ń fa igbó. Ẹ̀sùn oògùn olóró jáde, ẹ̀sùn pé wọ́n ń fi oògùn sínú ọtí obìnrin jáde, wọ́n sì tún ní àwọn ọlọ́pàá kan mọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni àṣírí ọ̀rọ̀ táwọn olórin kan ń kọ ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù tú. Ibẹ̀ ló ti hàn pé Jung Joon-young, olórin mìíràn tó gbajúmọ̀, ń ya fídíò àwọn obìnrin tó ń bá lò pọ̀ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ti ìfipábánilòpọ̀ pẹ̀lú, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fi parí rẹ̀ fún un lọ́dún 2020. Ti Seungri, tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó ń wá aṣẹ́wó fáwọn tó fẹ́ bá a dòwò pọ̀, pé ó ń ta tẹ́tẹ́, àtàwọn ẹ̀sùn mìíràn, já sí ọdún kan àtààbọ̀. Oṣù kejì ọdún 2023 ló jáde.

YG ni ìyà náà kọ́kọ́ bà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà ọdún 2019, Yang Hyun-suk tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ti fipò sílẹ̀. Síwájú àkókò yìí, lọ́dún 2014, LVMH, àwọn ará Faransé tó ni Louis Vuitton, ti fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 61 won, ìyẹn owó Kòríà, sínú YG. Wọ́n fi í sínú àdéhùn pé bí iye ìpín náà kò bá tó ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò sí lẹ́yìn ọdún márùn-ún, YG á dá owó náà padà pẹ̀lú èlé. Oṣù kẹwàá ọdún 2019 pé, kò sì tó. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 67 ni YG kà fún wọn.

LVMH lówó, ó sì ní lọ́yà tó mọṣẹ́, ó kó owó rẹ̀ jáde. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn dé eegun ni àwọn tó ń ta ramen.

Ramen ni oúnjẹ ọlọ́mi kan tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Japan wá, tó fara jọ Indomie tí wọ́n se sínú omi ẹran. Seungri ní ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Aori Ramen, nígbà tó sì yá, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́ lo orúkọ náà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á san owó ìwọlé, á gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, á tún un ṣe bí wọ́n ṣe ní kó rí, á sì gba òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ lé ní 40 ní Kòríà nígbà tọ́rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n ń gbà se oúnjẹ ni wọ́n rà, torí ilé oúnjẹ tó ń ta ramen pọ̀ lọ jàra ní Seoul. Orúkọ Seungri ni wọ́n rà. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ náà lórí tẹlifíṣàn, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ á sì wá jẹun níbẹ̀ torí pé òun ló ni ín.

Àwọn wọ̀nyẹn náà ni kò yà síbẹ̀ mọ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má jẹun níbẹ̀. Owó ilé kò dúró, owó oṣù òṣìṣẹ́ kò dúró. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé àwọn ti dá owó ìwọlé padà fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣí ilé oúnjẹ rí mọ̀ pé ara ògiri, àga, ẹ̀rọ ìdáná àti owó ilé ni owó gidi máa ń há sí. Lóṣù keje ọdún 2019, onísọ́ọ̀bù 15 tí ilé oúnjẹ wọn jẹ́ 26 gbé Seungri àti ilé-iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ń béèrè nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ won. Ẹlòmíràn dá pe ẹjọ́ tirẹ̀, ó ń béèrè ohun tó lé ní mílíọ̀nù 160. Lọ́dún 2020, ilé ẹjọ́ kan nílùú Seoul ní kò rí nǹkan kan gbà, pé kò sí ohun tó fi hàn nínú àdéhùn wọn pé ilé-iṣẹ́ náà ṣèlérí pé orúkọ Seungri fúnra rẹ̀ kò ní bà jẹ́. Ìdájọ́ tó korò ni, nítorí gbogbo ayé mọ̀ pé orúkọ yẹn ni wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé ni adájọ́ ń kà.

Ohun tó tún dunni níbẹ̀ ni pé òfin tó lè gbà wọ́n ti wà nílẹ̀. Lọ́dún 2017, wọ́n fẹ̀sùn kan ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ta adìyẹ díndín ní Kòríà pé ó fọwọ́ pa òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin lára lọ́nà àìtọ́. Ọjà àwọn tó ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ta adìyẹ wọlẹ̀, àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìyẹn ló mú kí wọ́n tún òfin ṣe pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2019, ìwé àdéhùn irú òwò yìí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé bí ìwàkiwà àwọn ọ̀gá bá ba ọjà àwọn tó gba orúkọ lọ́wọ́ wọn jẹ́, ilé-iṣẹ́ á san owó ìtanràn fún wọn. Àdéhùn tuntun àtèyí tí wọ́n bá tún ṣe lẹ́yìn ọjọ́ náà ló mú. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta Aori Ramen ti tọwọ́ bọ̀wé ṣáájú ìgbà yẹn, oṣù kan kò sì pé lẹ́yìn tí òfin bẹ̀rẹ̀ tí MBC fi gbé ìròyìn rẹ̀ jáde. Ìgbà tó tún di oṣù keje, àwọn ará Kòríà bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀yìn sí ọjà Japan nítorí ìjà òwò láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, oúnjẹ Japan sì ni ramen. Ẹni tó bá fẹ́ fi hàn pé Seungri ló ba ọjà òun jẹ́ gbọ́dọ̀ lè ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ìyẹn.

Ọ̀ràn tó kan òfin nìkan kọ́ ló ń da ọjà orin yìí rú. Láti kékeré ni ilé-iṣẹ́ ti máa ń mú ọ̀pọ̀ olórin yìí, wọ́n á kọ́ wọn ní orin àti ijó, wọ́n á gbà wọ́n sílé, kí wọ́n tó gbé wọn jáde. Àdéhùn tí àjọ tó ń mójú tó òwò ṣe àwòṣe rẹ̀ lọ́dún 2009 kò ju ọdún méje lọ, nítorí náà ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tètè rí owó rẹ̀ padà. Ọwọ́ àwọn olólùfẹ́ lowó ọ̀hún wà, ẹnì kan ṣoṣo sì lè ra àwo orin kan náà ní ọ̀nà mẹ́wàá torí àwòrán tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń náwó báyìí kò ka ara rẹ̀ sí oníbàárà lásán. Lóṣù kejì ọdún 2024, ìròyìn jáde pé Karina, ọmọ ẹgbẹ́ aespa, ń fẹ́ òṣèré Lee Jae-wook. Àgbàlagbà ọmọbìnrin ní ọ̀rẹ́kùnrin, kí ló burú níbẹ̀? Inú bí àwọn olólùfẹ́ kan débi pé wọ́n gbé ọkọ̀ tó ní pátákó oníná lọ síwájú SM Entertainment, ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Karina sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin, wọ́n ti pínyà.

Ní ti àwùjọ, ọ̀rọ̀ fídíò ìkọ̀kọ̀ ló jinlẹ̀ jù. Kí ti Burning Sun tó ṣẹlẹ̀ rárá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ti tú sígboro ní Seoul lọ́dún 2018 láti fẹ̀hónú hàn lórí rẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2020, kì í ṣe ẹni tó ya irú fídíò bẹ́ẹ̀ nìkan lòfin ń mú, ẹni tó tọ́jú rẹ̀ tàbí tó wò ó náà lè fẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura. Àwọn obìnrin olórin pàápàá ti jìyà púpọ̀. Sulli kú lóṣù kẹwàá ọdún 2019, Goo Hara tẹ̀ lé e lóṣù kọkànlá, àwọn méjèèjì sì ni wọ́n ti bú láìmọye ìgbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ikú Sulli ni Daum ti àyè tí àwọn òǹkàwé ń kọ èsì sí lábẹ́ ìròyìn àwọn gbajúmọ̀, Naver náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 2020.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi olórin polówó ọjà ti ń fi ọ̀rọ̀ ìwà sínú àdéhùn wọn. Bí olórin bá ṣe ohun àbùkù, ó lè dá owó ìpolówó padà ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn tó ń gbé olórin jáde náà kì í fi bẹ́ẹ̀ fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2024, SM kéde pé Taeil ti kúrò nínú ẹgbẹ́ NCT nítorí ẹ̀sùn ìbálòpọ̀ kan, kí àwọn ará ìlú tó mọ bọ́rọ̀ náà ṣe jẹ́ gan-an. Oṣù keje ọdún 2025 ni ilé ẹjọ́ tó rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ fún ìfipábánilòpọ̀. Nígbà yẹn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń bá iṣẹ́ orin wọn lọ láìsí i níbẹ̀.