Oògùn oko ti wọ ilẹ̀, ó ti dé kànga: ṣé kẹ́míkà míì lè fọ̀ ọ́ mọ́?

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ọjà àwọn tó ń ta oògùn oko máa ń yá ní Ìlobùú, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, àti ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, olú ìlú Orolú. Owó lébìrà ti wọ́n, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń gbin àgbàdo, iṣu àti ẹ̀gẹ́ kò sì lè gbára lé ọkọ́ nìkan mọ́. Wọ́n á ra oògùn apakoríko, wọ́n á pò ó mọ́ omi nínú ẹ̀rọ àgbékọ́yìn, wọ́n á fín in. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n ní láti fọ ẹ̀rọ náà, ibi tí omi wà ni wọ́n sì máa ń gbé e lọ: ẹ̀bá kànga, tàbí etí ìṣàn tó ń lọ bọ́ sódò Erinlẹ̀. Ìṣẹ́kù oògùn tó dà sílẹ̀ níbẹ̀ lójú kan lè burú ju èyí tí wọ́n fín ká gbogbo oko lọ.

Ìwà oògùn wọ̀nyí kò dọ́gba. Paraquat, tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ sí Gramoxone, máa ń lẹ̀ mọ́ amọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi rìn jìnnà. Ẹni tó bá gbé e mì ni ẹ̀rù rẹ̀ yẹ kó bà wá fún, ju kànga lọ. Ti atrazine, tí wọ́n ń fín sóko àgbàdo, yàtọ̀. Òun a máa bá òjò wọlẹ̀, bó bá sì ti dé inú omi abẹ́ ilẹ̀, ó lè pẹ́ níbẹ̀, torí pé oòrùn kò dé ibẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ì bá jẹ ẹ́ run kò sì pọ̀. Àjọ NAFDAC ní kí paraquat kásẹ̀ nílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì fi ọjọ́ kan náà ní 2025 sí ti atrazine. Ṣùgbọ́n òfin kì í yọ ohun tó ti wọlẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ bi àwọn àgbà oníkòkó léèrè nípa Gamalín 20. Lindane ló wà nínú rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń pa kòkòrò ara kòkó láyé ìgbà kan, àwọn kan sì gbé e lọ sódò láti fi pa ẹja. Ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí Àdéhùn Stockholm fi lindane kún àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì ní 2009. Irú rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ẹni tó fín in ti gbàgbé.

Kí ni kẹ́míkà lè ṣe sí i?

Ọ̀nà tó lókìkí jù ni pé kí wọ́n da ohun tó máa tú oògùn náà ká sínú ilẹ̀, bí ìgbà tí iná bá ń jó nǹkan láìsí ọwọ́ iná. Ní 1894 ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Fenton, kọ̀wé nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí hydrogen peroxide bá pàdé irin: agbára tó ń jáde nínú ìpàdé náà lè fa ọ̀pọ̀ kẹ́míkà ya. Àwọn tó ń tún ilẹ̀ ṣe ṣì ń lò ó títí dòní. Irin sì pọ̀ nínú ilẹ̀ pupa tiwa, òun ló fún un láwọ̀, nítorí náà wọ́n lè da peroxide sínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ láìfi irin kún un.

Àmọ́ peroxide kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ewé jíjẹrà àti ọ̀rá ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bá jà, kó tó kan oògùn, láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀ agbára rẹ̀ á sì tán. Persulfate pẹ́ jù ú lọ, ó lè wà fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti fi ooru, irin tàbí ohun tó dà bí omi eérú jí i kó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Potassium permanganate, tí àwọn tó ń sin ẹja mọ̀ dáadáa torí àwọ̀ àlùkò rẹ̀, náà ń pẹ́, ṣùgbọ́n kì í rí lindane mú.

Ọ̀nà míì kọjú sí òdìkejì. Wọ́n á po ìyẹ̀fun irin mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú pàǹtírí igi tàbí ewé, wọ́n á rin ín lómi, kí afẹ́fẹ́ má lè ráyè wọ̀ ọ́. Bí irin ṣe ń dípata, ó ń já chlorine kúrò lára oògùn náà. Wọ́n lò ó ní Montgomery, ìpínlẹ̀ Alabama l'Amẹ́ríkà, fún ilẹ̀ tí DDT àti toxaphene bà jẹ́. Wọ́n tún dán an wò ní erékùṣù Martinique, níbi tí wọ́n ti fín chlordecone sóko ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti 1972 sí 1993. Nínú ilẹ̀ amọ̀ pupa, ó ju ìdajì chlordecone lọ tó túká. Nínú ilẹ̀ tí eérú òkè oníná ṣẹ̀dá, kò tó ìdámẹ́ta. Èyí ló jẹ́ kí n máa fura sí ẹnikẹ́ni tó bá ń polówó oògùn kan ṣoṣo fún gbogbo ilẹ̀.

Omi tó le bí omi eérú tàbí ẹfun ìkọ́lé náà lè tú àwọn kan ká. Dichlorvos, tó wà nínú oògùn apakòkòrò Sniper, kì í fara dà á. Lindane náà á túká nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó fi sílẹ̀, trichlorobenzene, kì í ṣe omi mímu. Ní Sabiñánigo, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, níbi tí ilé iṣẹ́ Inquinosa ti ṣe lindane tó sì kó pàǹtírí rẹ̀ jọ lẹ́bàá odò Gállego, irú omi líle yìí pẹ̀lú persulfate ni wọ́n dán wò sábẹ́ ilẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé tipẹ́. Ìtọ́jú ilẹ̀ kò tíì parí.

Ṣé ó lè ṣe é nílùú wa?

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ilé tí wọ́n ti ń kó oògùn pamọ́, tàbí ibi tí dúrọ́ọ̀mù kan ti jò, ó ṣeé ṣe: ibẹ̀ kéré, wọ́n lè gbẹ́ ẹ kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ nǹkan sí. Odidi oko kò yẹ fún irú iṣẹ́ yìí. Ohun tó lè fa lindane ya á ba ọ̀rá ilẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú.

Abẹ́ ilẹ̀ tún le jù. Àpáta líle ló wà lábẹ́ agbègbè Ọ̀ṣun yìí. Omi kànga ń jáde láti inú ilẹ̀ tó jẹrà lórí àpáta, tàbí láti ojú sísán nínú rẹ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n bá tì sínú ihò á tọ ojú sísán lọ, ó sì lè fi amọ̀ tí oògùn wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún lè sọ chromium tó wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ di èyí tó ní májèlé.

Fún omi tí ènìyàn ń mu, èédú tí wọ́n fi ooru líle ṣe kó lè ní ihò wẹ́wẹ́ lára ni mo fara mọ́. Ó ń gba atrazine àti lindane mọ́ra, bí wọ́n bá ń pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò. Èédú ìdáná kò tó o. Álọ́ọ̀mù kò lè yọ oògùn yìí, bẹ́ẹ̀ ni bíbọ omi lórí iná. Ojú tàbí imú kò sì lè mọ̀ ọ́n: òṣùwọ̀n WHO fún lindane jẹ́ 0.002 mílígíráàmù nínú lítà omi kan, yàrá àyẹ̀wò ló lè rí irú èyí.

Nítorí náà, ẹ má da permanganate tàbí bleach sínú kànga tí ẹ bá fura sí. Ẹ dá fífà rẹ̀ dúró kí ẹ sì gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ̀yin àgbẹ̀, inú oko ni kí ẹ ti ṣan ẹ̀rọ yín lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ fín omi ìṣanù náà sórí ilẹ̀ tí ẹ ti fín tẹ́lẹ̀. Bí ike bá tán, ẹ gún un nídìí. Ẹ má fi rọ epo.