Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ẹbí jíìnì tí ń gbé ikọ́ ẹ̀gbẹ ró
Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé: òwe yìí bá ikọ́ ẹ̀gbẹ mu, nítorí inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ ara tí ó yẹ kí ó pa á ni kòkòrò rẹ̀ fi ṣe ilé. Ní 1998, tí àwọn onímọ̀ ka gbogbo jíìnì kòkòrò náà, ẹbí jíìnì méjì tí wọ́n ń pè ní PE àti PPE ló gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀, àwọn kan nínú wọn a sì máa da ojú ẹ̀ṣọ́ rú. Ẹbí jíìnì mìíràn, ESX, ni ilẹ̀kùn tí kòkòrò náà ń gbà tú oró rẹ̀ jáde. Apá kan nínú ẹbí ESX yìí sọnù lára BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n ń fún ọmọ ìkókó. Ohun tí ó ká mi lára ni pé Mycobacterium africanum, ẹ̀yà kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ń fa nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àìsàn yìí ní Gánà, síbẹ̀ ẹ̀yà òkèèrè ni ìwádìí gbájú mọ́ jù.