Yunifásítì ọ̀fẹ́ Jámánì àti owó tó wà nídìí rẹ̀

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ní Jámánì kì í gba owó ilé-ìwé. Owó kékeré ni akẹ́kọ̀ọ́ ń san ní sáà kọ̀ọ̀kan, níbi púpọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì àti rélùwéè sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ Ìbàdàn tó ti gba lẹ́tà ìgbaniwọlé dé ẹ́ńbásì ná. Kí wọ́n tó fún un ní físà, ó ní láti fi hàn pé owó oúnjẹ àti owó ilé ọdún kan wà nílẹ̀. Àkáǹtì kan tí wọ́n ń tì pa ni ọ̀pọ̀ ń kó o sí. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, iye rẹ̀ ti di 11,904 yúrò. Owó rẹ̀ náà ni o, 992 yúrò ni wọ́n á sì máa tú sílẹ̀ fún un lóṣooṣù. Àmọ́ ẹni tí kò bá lè kó owó ọdún kan jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀fẹ́ yẹn ò kàn án.

Owó orí aráàlú ni àwọn ìpínlẹ̀ Jámánì fi ń gbọ́ bùkátà àwọn yunifásítì náà. Wọ́n ti gbìyànjú láti yí i padà rí. Lẹ́yìn ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ kan tó fàyè gbà á lọ́dún 2005, ìpínlẹ̀ méje bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó, nǹkan bí 500 yúrò ní sáà kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta, àwọn olóṣèlú ro ti ìbò, nígbà tó sì fi di 2014, Lower Saxony tó gbẹ̀yìn náà ti fagi lé e. Àlejò ló wá kù tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2017, 1,500 yúrò ní sáà kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá wá láti ìta EU. Sweden ti ṣe irú rẹ̀ ní 2011, Norway tẹ̀ lé e ní 2023.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ di ẹrù náà lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí. 1,000 pọ́n-ùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998. Ó di 9,000 ní 2012, ó sì di 9,535 ní 2025. Ìjọba ló ń yá ọmọ onílùú lówó náà. Ẹni tó wọlé láti 2023 á máa san ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá fi kọjá 25,000 pọ́n-ùn lọ́dún, títí fún ogójì ọdún bí kò bá tètè san án tán. Ọmọ Scotland tó kàwé nílùú rẹ̀ kì í san nǹkan kan.

Owó tí àlejò ń san nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní gbèdéke, náírà ló sì ń dá tiwa lóró jù. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan ní iye ìjọba. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ti sún mọ́ 1,500. Owó ilé-ìwé tó jẹ́ 20,000 dọ́là kúrò ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀, ó di nǹkan bí ọgbọ̀n mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ilé-ìwé ọ̀hún ò fi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀. Nílé ńkọ́? Lóòótọ́ owó tó kéré ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ń gbà, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ lọ́dún 2022 nìkan gba oṣù mẹ́jọ.

Ní ti bí ẹ̀kọ́ ṣe dára tó, àwọn òbí sábà máa ń wo ipò tí ilé-ìwé wà lágbàáyé. Èmi kì í fọkàn tán an tó bẹ́ẹ̀. Nínú máàkì ọgọ́rùn-ún tí QS, ọ̀kan lára àwọn tó ń to ilé-ìwé sípò, ń fúnni, 30 ló wá láti inú èrò àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nípa orúkọ ilé-ìwé. Iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wà fún olùkọ́ kan, 10 péré. Ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ni bóyá àwọn tó ń gbani síṣẹ́ á ka ìwé ẹ̀rí náà sí. Ní ìparí ọdún 2023, oníròyìn Daily Nigerian kan gbé ìròyìn jáde nípa bí òun ṣe gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Kùtọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó di oṣù kìíní 2024, ìjọba Nàìjíríà dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo dúró, àti ti ẹni tó rà á, àti ti ẹni tó jókòó kàwé.